Ẹyẹ Tó Kẹ̀yìn sí Ojú Kọ́kọ́rọ́

Ibi tí gbogbo ìjọ ti dijú, tí pásítọ̀ ń gbàdúrà fún àwọn tó wà ní àhámọ́, ibẹ̀ gan-an ni Sájẹ́ńtì Ọlọ́runṣọlá ti la ojú rẹ̀ kan díẹ̀, tó sì rí i pé òun ti ti aláìṣẹ̀ mọ́lé.

Ohun tó rí kò ju ẹyẹ lọ. Ẹyẹ onígi ni, wọ́n gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, èyí tí wọ́n ń kó ife àti aṣọ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sí. Ẹ̀ka igi kan wà lẹ́nu ẹyẹ náà, ewé mẹ́ta ló wà lára ẹ̀ka. Iṣẹ́ náà dára, ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ilẹ̀kùn ni ojú kọ́kọ́rọ́ wà, òsì sì ni ẹyẹ kọjú sí. Ó kẹ̀yìn sí ojú kọ́kọ́rọ́ bí ìyàwó tó ń bínú sọ́kọ. Ẹyẹ inú ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kọ́kọ́rọ́ lẹyẹ inú ìwé ń wò, bí ẹni tó fẹ́ ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Sájẹ́ńtì kò rí i ṣe. Ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń dójú ti àgbàlagbà, a kì í sọ ọ́ láàbọ̀. Lọ́dún náà, èyí tó tẹ̀lé ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo Nàìjíríà, wọ́n fi àpótí ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà. Ìwé mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ni gbogbo wọn dá lé. Ìwé àkójọ kan tẹ̀lé wọn, tó ń sọ èyí tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọṣẹ́ kọ́kọ́ kà. Àkọ́kọ́ sọ nípa irin iṣẹ́ àti bí a ṣe ń pọ́n wọn. Òmíràn sọ nípa igi, èyí tó máa ń lọ́ bó bá gbẹ àti èyí tí kì í lọ́. Òmíràn jẹ́ ti wíwọn nǹkan àti yíyà á. Méjì wà fún bí a ṣe ń so igi mọ́ igi láìkan ìṣó. Ẹ̀kẹfà, òun ló tóbi jù, kọ́bọ́ọ̀dù ló dá lé, àkójọ sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Wọ́n ká ìwé ńlá kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ya ẹyẹ yìí sí, bó ṣe máa tóbi tó lára ilẹ̀kùn gan-an. Àwòrán ilẹ̀kùn kan náà, ní kékeré, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìwé náà nínú àkójọ tí Mísì Naomi, olùkọ́ tó ń tọ́jú ìwé, lẹ̀ mọ́ ògiri.

Òfin yàrá ìwé kò le. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé lọ sílé á buwọ́ lu ìwé ńlá kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, á ti àtàǹpàkò bọ íńkì, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ẹ̀kẹfà fi wábi gbà. Ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù ú. Fèrèsé kò fọ́, àgádágodo kò yẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sájẹ́ńtì Ọlọ́runṣọlá. Ọlọ́pàá En-Ee, ti ìjọba ìbílẹ̀, ni, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní dóńgárì. Ọmọ Mọ̀pà ni, kò sì sí olè adìẹ tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́ rí láti ìgbà tó ti dé Kàbà. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Arínúróde, pásítọ̀ ní kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀ torí orúkọ Ọlọ́run ni, wọn ò yé pè é. Kí n má purọ́, òun náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ó bi Mísì Naomi pé ta ló wá kàwé lọ́jọ́ tí ìwé sọnù. Márùn-ún ni. Mẹ́ta mú ẹlẹ́rìí wá. Ó ku Dúrótìmí, káfíńtà ará Ekìnrìn-Àdé tó ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ìwé náà lọ sílé fún oṣù kan, àti Ọmọ́níyì tó ń bá Bàbá Olúbọ̀dé ṣiṣẹ́. Sájẹ́ńtì fi ìbéèrè dá Dúrótìmí lágara fún odindi ọ̀sán kan. Òfo ló já sí. Ọkùnrin náà ti wọ lọ́rì kúrò ní Kàbà kí oòrùn tó kàntàrí, Mísì Naomi sì rí ìwé lórí tábìlì ní ọ̀sán gangan.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé ṣọ́ọ̀ṣì láti ṣọ́ọ̀bù Bàbá Olúbọ̀dé. Sájẹ́ńtì rí ẹyẹ, ó rí ewé mẹ́ta bíi ti àwòrán ara ògiri, inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo nǹkan mìíràn mọ́. Níwájú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ìwé ti wọ ṣọ́ọ̀bù Olúbọ̀dé. Ó ní èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá kò mọ á yàtọ̀ sí b, Ọmọ́níyì sì ka Gẹ̀ẹ́sì dé kíláàsì keje. Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tí gbogbo ìlú fi ń yìn ín láti ọjọ́ náà:

"Ta ló ń jí ìwé tí kò lè kà?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà tó kọjú sí ọjà gan-an. Ó bi Bàbá Olúbọ̀dé léèrè ibi tí ẹyẹ ti wá. Bàbá kò gbójú sókè nídìí pákó tó ń fá. Ó ní Ọmọ́níyì ló mọ ohun tó bá jẹ mọ́ ìwé. Ọmọ́níyì yí ojú sí ọ̀gá rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò jí ìwé. Sájẹ́ńtì dì í lápá gba àárín ọjà kọjá, àwọn èèyàn ń pariwo olè, Rhoda ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó fi gèlè di ìbàdí, ó ń sunkún.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdánwò iṣẹ́ káfíńtà ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ Ajé ni lọ́rì máa kó àwọn tó fẹ́ ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni Ọmọ́níyì ti ń múra rẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ olè bá wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè jókòó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn á wáyé. Ọjọ́ Ìsinmi lẹyẹ sì kẹ̀yìn sí Sájẹ́ńtì yìí.

*

Kò dúró bọ pásítọ̀ lọ́wọ́. Ilé Mísì Naomi ló gbà lọ, ó ní kó bá òun ṣí yàrá ìwé. Mísì ní ọjọ́ Ìsinmi mà ni. Ó ní òun mọ̀.

Ó dúró níwájú àkójọ, ó fi ìka tọ àwòrán. Ojú kọ́kọ́rọ́ wà lọ́tùn-ún, ẹyẹ kọjú sí ọ̀tún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹni tó ń wo àwòrán tó ń yà á, bó ṣe rí i ni yóò ṣe yà á. Kí ẹyẹ tó lè yípadà, àfi kí ẹnì kan da ojú ìwé bo pákó, kó máa ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí ìlà á fi mú pákó. Ẹni tó bá sì mọ rúlà àti pẹ́ńsù lò, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

"Mísì, ọjọ́ tí ìwé sọnù, ta ló wọ yàrá yìí?"

"Mo ti dárúkọ wọn fún yín. Àwọn márùn-ún náà ni."

"Ta ló wá kàwé ni mo bi yín nígbà yẹn. Ta ló wọlé ni mò ń bèèrè báyìí."

Mísì Naomi ní kò sẹ́lòmíràn. Ó tún ní, àyàfi Bàbá Olúbọ̀dé tó wá kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án, nígbà tí òun wà ní kíláàsì. Òun kò kà á kún ẹni tó wọlé, ó ní iṣẹ́ ló bá wá, kò sì gba kọ́bọ̀.

Sájẹ́ńtì jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Bẹ́ǹṣì kò mì rárá. Díákónì ni Bàbá Olúbọ̀dé, òun ni olórí àwọn káfíńtà, kò sì sí ilé ńlá kan ní Kàbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ìbá bi obìnrin yìí dáadáa ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ojú ń tì í fún ara rẹ̀, ó sì tún ń tì í fún àgbàlagbà náà.

*

Ẹní ni Ọmọ́níyì jókòó lé nínú àhámọ́, ó na ẹsẹ̀. Sájẹ́ńtì kí i pé okun, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lágbègbè náà. Sájẹ́ńtì tẹ́ àkójọ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé funfun, rúlà àti pẹ́ńsù, ó ní kó bá òun ya ẹyẹ yẹn kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọkùnrin náà fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ kì í lè rí irin iṣẹ́ kó má mú un. Ó fi rúlà fa ìlà yí àwòrán kékeré ká, ó pín in sí ojú kéékèèké, ó pín ìwé funfun bákan náà, ó wá ń ya ojú kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn. Ẹyẹ jáde. Ọ̀tún ló kọjú sí.

"Ṣé ìwọ ti da ìwé bo pákó rí, kí o máa ha á lẹ́yìn?"

Ọmọ́níyì gbé pẹ́ńsù kalẹ̀. "Sájẹ́ńtì, ẹ bi mí ní ohun tó kàn mí."

"O mọ ẹni náà láti ọjọ́ tí mo ti mú ọ."

"Nígbà tí mo kó wá kọ́ṣẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ẹnì kan ló kọ́ mi. Ẹ má ní kí n fi ẹnu tó ń pè é ní ọ̀gá pè é ní nǹkan mìíràn."

Sájẹ́ńtì kò lè wo ojú rẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkùnrin yìí ti fi orúkọ ara rẹ̀ bo ìhòòhò ẹlòmíràn, òun tí wọ́n ń pè ní Arínúróde kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju orí kunkun olè.

*

Bàbá Olúbọ̀dé ti jẹun ọ̀sán, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀. Sájẹ́ńtì dọ̀bálẹ̀ kí i. "Okun o, Bàbá." Bàbá ní okun, ó ní kó jókòó. Ojú rẹ̀ kò balẹ̀.

Sájẹ́ńtì ní ọ̀rọ̀ Lucy ọmọ òun lòun bá wá, ó ń lọ sílé ọkọ, òun sì fẹ́ àpótí aṣọ tí wọ́n gbẹ́ ẹja sí ìdérí rẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde tí òun fúnra rẹ̀ ya ẹja sí, ẹja tó burú ni o. Bàbá rẹ́rìn-ín, ara tù ú. Kò mọ̀ pé pańpẹ́ ni. Ó ní ẹja yìí kò ní egungun, òun á bá a wá egungun fún un. Sájẹ́ńtì ní báwo ni wọ́n ṣe ń gbé irú nǹkan báyìí sórí igi, òun kò rí i rí. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́, ó tán! Bàbá wọlé mú pákó ọ̀gànwó tó ti fá, ó mú pẹ́ńsù tó rọ̀, ó tẹ ìlà ẹja náà kó dúdú, ó fi kẹrosíìnì pa ẹ̀yìn ìwé, ó da ojú rẹ̀ dé pákó, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á jẹ́jẹ́. Ó ṣí ìwé. Ẹja ti bọ́ sórí igi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni ẹja mi kọjú sí."

Bàbá wo ìwé, ó wo pákó, ó tún wo ìwé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ewé àti òdòdó ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí," ó wí. "Ewé kò ní ọ̀tún, kò ní òsì."

Nígbà tó yá, Bàbá dìde, ó wọ yàrá, ó gbé ìwé náà jáde, ó fi agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wé e. Kò ya níbì kankan. Kẹrosíìnì nìkan ló ń rùn lára ìwé kíká ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní pásítọ̀ fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù irú ti Lọ́kọ́jà, ojú sì ti òun láti sọ pé òun kò ṣe é rí. Òun ti gbọ́ lẹ́nu Ọmọ́níyì pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé kan. Ọjọ́ tí òun lọ kan bẹ́ǹṣì, ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ó ní kí òun gbé e, kí òun dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ariwo olè ti gba ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ òun sì wúwo.

Sájẹ́ńtì bi í pé kí ló dé tí kò kúkú yá a bí àwọn yòókù. Ìbéèrè yẹn ló mú Bàbá gbójú sókè.

"Ọmọ́níyì ń kọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Dúrótìmí tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ń kọ tirẹ̀. Kí èmi tí mo kọ́ àwọn méjèèjì wá máa ti àtàǹpàkò bọ íńkì lójú wọn? Kí n máa nù ún mọ́ ṣòkòtò jáde?"

"Ọjọ́bọ̀ tí mo wá mú un ńkọ́, Bàbá?"

Omi ń bọ́ lójú Bàbá sórí ẹja inú pákó, kò nù ún. Ó ní ẹnu òun ló sọ ọ́ kí òun tó mọ̀, àti pé láti ọjọ́ náà òun kò tíì sùn. Sájẹ́ńtì fẹ́ bínú, inú kò rí bí. Ta ló kúkú la ọ̀nà irọ́ yẹn fún àgbàlagbà? Òun tó ń wá àtẹ́wọ́ kiri ni. Ó ní kí Bàbá wá bá òun ní ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ bá Mísì Naomi. Ó gbé ìwé, ó lọ.

*

Ó ṣílẹ̀kùn àhámọ́, ó ní kí Ọmọ́níyì máa lọ sílé. Ọmọ́níyì kò dìde.

"Ọjọ́ ọjà lẹ mú mi. Bí mo bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé lónìí, olè tí wọ́n dá sílẹ̀ ni màá máa jẹ́ títí. Ọ̀la lọjà. Ọ̀nà kan náà la jọ máa gbà lọ sídìí lọ́rì, ẹ̀yin lẹ máa ru àpótí irin iṣẹ́ mi."

Sájẹ́ńtì gbé e mì. Ó ní kò burú, òun á sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ti rí ẹni tó gbé ìwé náà.

"Rárá o. Ẹ ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣìṣe."

"Wọ́n á pè mí ní òmùgọ̀."

"Wọ́n ti pe èmi ní olè," ni Ọmọ́níyì dáhùn, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

*

Àpótí náà wúwo ju bí Sájẹ́ńtì ti rò lọ. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rù ú. Rhoda ìyá Ọmọ́níyì ṣáájú, ojú rẹ̀ le koko. Ọmọ́níyì tẹ̀ lé e, Sájẹ́ńtì wà lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti ń ta owú ló ti kọ́kọ́ dúró. Ó ní òun lòun ṣìṣe, Ọmọ́níyì kò jalè. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nídìí iṣu, ẹnì kan bi í pé ta wá ni olè. Ó ní òun lòun ṣìṣe. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Nídìí iyọ̀, wọ́n ń bi í bóyá Arínúróde kò rí inú lọ́tẹ̀ yìí, bóyá òde nìkan ló rí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti ha. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún.

Ìgbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, Bàbá Olúbọ̀dé wà lórí ìjókòó rẹ̀. Sájẹ́ńtì yára ẹsẹ̀ kí ó lè kọjá. Ọmọ́níyì kò yíjú síbẹ̀.

Bàbá dìde. Ó ṣí fìlà, ó fi í sílẹ̀ lórí pákó. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àpótí lórí Sájẹ́ńtì, ó sì gbé e ka orí ewú ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí wọ́n bí ní Kàbà tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọ̀gá ru àpótí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn láti ìdí iyọ̀ dé ìdí owú, ẹni tó ń bèèrè olè kò bèèrè mọ́. Ọmọ́níyì kígbe pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó sáré fẹ́ gbà á. Àgbàlagbà náà yà fún un, ó doríkọ ìdí lọ́rì. Rhoda fi ọwọ́ bo ẹnu.

Sájẹ́ńtì ń tẹ̀ lé wọn. Ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé orí náà sókè.